Àlejò Lójú, Kò Fi Ríran: Ta Ló Ń Tún Ọ̀nà Ìkànnì Wa Ṣe?

Bí àlejò bá dé sí Fate ní Ìlọrin fún ìgbà àkọ́kọ́, tí ó ń wá ilé tí mò ń gbé, kò sí bí ọ̀nà ṣe lè rú u lójú tó tí kò ní débẹ̀. Yóò bi ọlọ́kadà. Bí ọlọ́kadà kò bá mọ̀ ọ́n, yóò bi alákàrà. Alákàrà yóò ní kí ó máa lọ tààrà, kí ó yà sí ọ̀tún lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, pé bí ó bá ti rí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ó ti kọjá ibẹ̀ nìyẹn, kí ó padà sẹ́yìn díẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ní abéèrè kì í ṣìnà. Àwọn àgbà kan náà ló sọ pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òwe méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Àlejò kò ríran, nítorí náà ó gbọ́dọ̀ rí ẹni bi.

Lórí ìkànnì ayélujára, kò sí alákàrà. Àlejò dá wà pẹ̀lú fóònù rẹ̀ àti dátà tó ń dínkù. Bí ó bá tẹ ibi tí a ní kí ó tẹ̀, tí kò já síbi kankan, kò sí ẹni tí yóò bi. Yóò tún un tẹ̀. Yóò padà sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà yóò bá tirẹ̀ lọ, ẹni tó ni ìkànnì kò sì ní mọ̀ pé ẹnì kan wá. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde sọ lónìí kò ju èyí lọ: ìtọ́jú ìkànnì kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀ṣọ́. Iṣẹ́ títún ọ̀nà ṣe ni. Ẹni tí yóò bá sì ṣe é dáadáa gbọ́dọ̀ máa gba ọ̀nà tí àlejò ń gbà, kì í ṣe ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kàn fẹ́ bá àwọn ẹlòmíràn wí. Èmi gan-an ti ṣẹ̀. Nígbà tí mo wà ní ìpele 200, wọ́n fi ìkànnì kékeré tí ẹgbẹ́ wa ní sí ìkáwọ́ mi. Ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ wà níbẹ̀, àwọn fọ́ọ̀mù wà níbẹ̀, ìkéde ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Ní òru ọjọ́ kan, mo pinnu láti tún un ṣe kí ó lè rẹwà. Mo yí àwọ̀ rẹ̀ padà, mo yí orúkọ àwọn ojú-ewé padà, mo kó fáìlì láti ibì kan sí òmíràn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà mi, ó ń dán gbinrin. Mo ya ojú rẹ̀ ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, àwọn ènìyàn sì ń kí mi kú iṣẹ́.

Ohun tí n kò rò ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í gba ojú-ewé àkọ́kọ́ wọlé. Líǹkì tí ẹnì kan ti fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ń tẹ̀. Gbogbo líǹkì wọ̀nyẹn ló kú lóru ọjọ́ náà. Àbúrò wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé tẹ líǹkì fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó ìwé kan, 404 ni ó bá níbẹ̀. Ó rò pé wọ́n ti pa fọ́ọ̀mù náà dé ni. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ ti kọjá tán kí ó tó mẹ́nu bà á fún mi, pẹ̀lú ẹ̀rín, bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan: "Ẹ̀gbọ́n, mo débẹ̀ o, wọ́n ti tì í." Wọn kò tì í. Èmi ni mo gbé ilẹ̀kùn kúrò níbi tó wà.

404 yìí ni nọ́ḿbà tí kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì dání fi ń dáhùn nígbà tí ẹnì kan bá béèrè ojú-ewé tí kò rí. Ọ̀rọ̀ náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní CERN ní Switzerland, ti kọ àròkọ kan lé e lórí ní ọdún 1998. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé àdírẹ́sì tó dára kì í yí padà, àti pé àdírẹ́sì kì í dédé yí ara rẹ̀ padà, ènìyàn ló ń yí i. Ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ ìwádìí Pew Research Center ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde tó fi hàn pé nínú àwọn ojú-ewé tó wà lórí wẹ́ẹ̀bù ní ọdún 2013, ìdá 38 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò ṣe é ṣí mọ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ẹ fi ojú ọjà wò ó. Ká ní o padà sí ọjà kan lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, tí o rí i pé nǹkan bí ìsọ̀ mẹ́rin nínú mẹ́wàá ti dàwátì, tí olówó wọn kò sì kọ ọ́ sára ògiri pé ibi báyìí ni àwọn kó lọ.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ọ̀nà àtikọ ọ́ sára ògiri wà. Àwọn tó ṣètò wẹ́ẹ̀bù ti pèsè rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Bí ojú-ewé bá kó kúrò níbi tó wà, nọ́ḿbà 301 ni a fi ń sọ fún fóònù àlejò pé ó ti kó lọ síbòmíràn, kì í sì í ṣe fún ìgbà díẹ̀. Fóònù yóò gbé àlejò lọ síbi tuntun náà, òun gan-an lè má mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Kò ní ná mi ní kọ́bọ̀. Ìlà kan péré fún ojú-ewé kan. N kò ṣe é nítorí pé n kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń gba ibẹ̀ kọjá.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mò ń sọ di ńlá, ẹ lọ wo àwọn káfẹ̀ tó wà láti Fate títí dé Tanke ní àsìkò ìforúkọsílẹ̀. Ẹ ó rí àwọn ọmọ tí fóònù wọn dára, tí wọ́n tò sórí ìlà láti san owó fún ẹni tí yóò bá wọn tẹ ohun tí àwọn náà lè tẹ̀. Mo bi ọ̀kan nínú wọn rí pé kí ló dé tí kò ṣe é fúnra rẹ̀. Ó ní òun gbìyànjú. Ó ní òun dé ibi tí wọ́n ti ní kí òun tẹ̀ síwájú, kò lọ, òun kò sì mọ̀ bóyá owó òun ti wọlé tàbí kò tíì wọlé. Ẹ̀rù ń bà á láti tún un san. N kò ní dárúkọ ilé ìwé tí ìkànnì náà jẹ́ tirẹ̀, kò sì wúlò kí n dárúkọ rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń ka èyí tí kò ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láti sọ.

Ohun tí ọmọ yẹn ń rà lọ́wọ́ oníkáfẹ̀ kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Ìmọ̀ ọ̀nà ló ń rà. Oníkáfẹ̀ mọ̀ pé bọ́tìnnì tòkè ni kí a tẹ̀, pé tìsàlẹ̀ ti kú láti èṣí. N kò bá oníkáfẹ̀ jà, iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n níbikíbi tí ọ̀nà bá ti bàjẹ́, ẹnì kan yóò dúró síbẹ̀ láti máa gba owó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ kọjá. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ olóòótọ́. Ẹni tó ti ṣìnà lórí ìkànnì gidi ló rọrùn jù láti tàn lọ sórí ayédèrú.

Owó tún ń gba ọ̀nà mìíràn jáde. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń mójú tó ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi kún iye tí wọ́n ń gbà, títí dé ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo wa la mọ bí dátà ṣe ń lọ láti ìgbà náà. Bí ìkànnì bá gbé fọ́tò ńlá mẹ́ta sí ojú-ewé àkọ́kọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mẹ́gábáìtì 4, àlejò ti ná mẹ́gábáìtì 12 kí ó tó rí ohun tó ń wá. Bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá ṣí i, ó ti lé ní gígábáìtì 1, lórí fọ́tò tí kò sí ẹni tó tìtorí rẹ̀ wá. Fọ́tò kan náà, bí a bá dín in kù kí a tó gbé e sókè, ó lè má ju kílóbáìtì 200 lọ, ojú kò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìyàtọ̀ lórí fóònù. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì ń fà bí ìgbín jákèjádò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìkànnì tó fúyẹ́ a máa ráàyè wọlé. Èyí tó wúwo kò ní gbéra.

Àlejò kan tún wà tí kì í fi ojú ríran ní ti gidi. A ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ojú wọn kò ríran láàárín wa, fóònù ni àwọn náà ń lò. Ètò TalkBack tó wà lórí Android ń ka ohun tó wà lójú fóònù sí wọn létí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló mọ̀ ọ́n kà jù. Bí a bá ya ìwé ìkéde ní fọ́tò, tí a gbé fọ́tò náà sórí ìkànnì láì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí ètò náà máa ń sọ fún wọn lè má ju pé àwòrán kan wà níbẹ̀ lọ. Bí líǹkì mẹ́wàá bá wà lójú-ewé kan, tí gbogbo wọn ń jẹ́ "tẹ ibí", wọn yóò gbọ́ "tẹ ibí" lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, wọn kò ní mọ èyí tó lọ sí ibi owó ilé ìwé àti èyí tó lọ sí ibi èsì ìdánwò. Láti ọdún 1999 ni àjọ W3C ti gbé ìlànà jáde lórí èyí. Ẹ̀dà 2.2 ìlànà náà, WCAG, jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023. Nílé níbí pàápàá, Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka ìyàsọ́tọ̀ àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019. Nítorí náà, kì í ṣe ojú àánú ni à ń bẹ̀ fún wọn. Ẹ̀tọ́ wọn ni.

Àwa tí a ń kọ Yorùbá tún ní ìṣòro tiwa tí àwọn onígẹ̀ẹ́sì kò mọ̀. Ẹni tó ń wá àròkọ lórí Ọ̀ṣun yóò kọ "Osun" sínú àpótí ìwárí, nítorí pé fífi àmì sórí ọ̀rọ̀ lórí fóònù kò rọrùn. Bí àpótí náà kò bá mọ̀ pé ọ̀kan náà ni wọ́n, yóò ní òun kò rí nǹkan kan, nígbà tí àròkọ mẹ́wàá ti wà nílẹ̀. Èyí tó farasin ju ìyẹn lọ ni pé lẹ́tà bí "ọ̀", tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀, ṣe é kọ sínú kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ. Ojú wa yóò rí ọ̀kan, kọ̀ǹpútà yóò ka méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú Unicode, ètò wà tí wọ́n ń pè ní normalization, tó ń sọ wọ́n di ọ̀kan ṣoṣo kí ìwárí lè bá wọn. Bákan náà, bí a bá fi "ọ" sínú àdírẹ́sì ojú-ewé, nígbà tí ẹnì kan bá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́, ó lè di %E1%BB%8D. Ta ni yóò rí ìyẹn tí kò ní rò pé jìbìtì ni? Èrò tèmi ni pé kí a kọ àkọlé àti ọ̀rọ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì wọn bó ti yẹ, ṣùgbọ́n kí a jẹ́ kí àdírẹ́sì wà láìlámì.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní iná kò sí, owó kò sí, ìdánwò ti súnmọ́lé, ẹni tí kò bá rí ohun tó ń wá kó béèrè lórí WhatsApp. Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tọ́jú ìkànnì ẹgbẹ́ kì í gba owó oṣù, kò sì dára kí a máa bá a wí bí ẹni tó ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn ohun tí mo ti kà sílẹ̀: dídín fọ́tò kù, kíkọ ìlà 301, fífún líǹkì ní orúkọ tó nítumọ̀, kíkọ ọ̀rọ̀ ìkéde sílẹ̀. Kò sí èyí tó gba owó nínú wọn. Àkókò díẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ní ti WhatsApp, bí omi odò ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ṣe ń ṣàn lọ. Ohun tí a sọ níbẹ̀ lóṣù tó kọjá, tani yóò tún rí i? Ẹni tí kò sí nínú ẹgbẹ́ náà ńkọ́? Ẹni tí ojú ń tì láti béèrè ńkọ́, bí àbúrò wa tó gbà pé wọ́n ti tilẹ̀kùn?

Kí wá ni ṣíṣe? Èkíní, ẹ pe àlejò. Ẹ wá ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, kí ó lo fóònù tirẹ̀ àti dátà tirẹ̀, kí ẹ ní kí ó bá yín wá ohun mẹ́ta lórí ìkànnì yín. Kí ẹ wá panu mọ́. Èyí ló le jù, nítorí pé ẹnu yóò máa yún yín láti sọ fún un pé "rárá, òkè ni". Ibi tí ẹnu bá ti yún yín yẹn gan-an ni ọ̀nà ti bàjẹ́. Jakob Nielsen, onímọ̀ ọmọ Denmark kan, kọ ọ́ ní ọdún 2000 pé bí ènìyàn márùn-ún péré bá dán ìkànnì wò lọ́nà bẹ́ẹ̀, a ó rí èyí tó pọ̀ jù nínú àléébù rẹ̀. Ènìyàn márùn-ún kò wọ́n ní Fate.

Èkejì, ẹ máa ka líǹkì yín lóṣooṣù. W3C ní ohun èlò ọ̀fẹ́ kan, Link Checker, tó ń tẹ líǹkì inú ojú-ewé ní ẹyọ ẹyọ, tó sì ń sọ èyí tó ti kú. Ẹ̀kẹta, ẹ kọ ọjọ́ sí gbogbo ìkéde, tọdún tọdún. "Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀" tí kò ní ọdún lára ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ẹ̀kẹrin, bí ojú-ewé bá gbọ́dọ̀ lọ, ẹ fi ìwé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ̀karùn-ún kan ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Orúkọ ìkànnì, èyí tí wọ́n ń pè ní domain, kì í ṣe ohun tí a ń rà pa. Yíyá ni a ń yá a, owó rẹ̀ sì ní ìgbà tí a gbọ́dọ̀ san án. Ìwé ẹ̀rí ààbò ìkànnì náà ní ọjọ́ ìparí tirẹ̀. Bí ó bá ti kọjá, Chrome yóò máa kìlọ̀ fún àlejò pé ibẹ̀ léwu, àlejò yóò sì sá. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni kì í kú ikú àìsàn. Ẹni tó dá a sílẹ̀ gboyè, ó lọ sìnrú ìlú, ó gba iṣẹ́, ìwé ìránnilétí sì ń wọ ímeèlì tí kò ṣí mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yẹ ímeèlì yín àtijọ́ wò lálẹ́ òní. Kọ́kọ́rọ́ ilé kan lè wà níbẹ̀. Kí àwa tí a ṣì wà nílé ìwé náà forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ímeèlì ẹgbẹ́, kì í ṣe ti ẹnì kan, kí a sì kọ ohun gbogbo sínú ìwé kí a tó gbé iṣẹ́ fún ẹlòmíràn.

Ní ti àbúrò wa, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n nǹkan wà. Ó fi owó ara rẹ̀ ra ìwé lọ́dún yẹn. Nígbà tí àkókò mi pé, òun ni mo gbé ìkànnì náà fún. N kò sọ fún un bí yóò ṣe ṣe é. Kò tilẹ̀ ṣí ojú-ewé àkọ́kọ́ rárá. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ó lọ sórí WhatsApp ẹgbẹ́, ó wá gbogbo líǹkì àtijọ́ jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ èyí tó ti kú sínú ìwé.

Bí ìkànnì kan bá wà ní ìkáwọ́ rẹ, ibẹ̀ ni kí ìwọ náà ti bẹ̀rẹ̀.